Kí ẹ tó ya òjé kúrò lára bàbà, ẹ sọ ibi tó ń lọ

Ẹ jókòó, ẹ mú omi dání. Ó gùn díẹ̀.

Ẹni tó bá tún gbé àwòrán tírélà tó ń kó òkúta lọ sí èbúté sórí timeline mi, tó wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "ẹ jẹ́ ká máa ṣe é nílé, ká yéé ta erùpẹ̀ fún òyìnbó," tí kò sì sọ ibi tí òjé inú òkúta yẹn máa gbà lọ, èmi àti ẹ̀ máa jà. Mo ti rí i tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́sẹ̀ yìí nìkan. Wọ́n á fi àsíá Nàìjíríà sí i, wọ́n á fi ìkúùkù sí i, àwọn èèyàn á máa retweet ẹ̀ lọ ràì. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́nì kan má baà pè mí ní ọ̀tá ìlọsíwájú: èmi náà fẹ́ ká máa ṣe é nílé. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń yọ irin lára òkúta. Tí wọ́n bá ń kó gbogbo ẹ̀ lọ sí Ṣáínà bó ṣe wà, ebi á pa èmi gan-an. Dele Alake, tó jẹ́ mínísítà ohun àlùmọ́ọ́nì láti 2023, ti sọ ọ́ lásọtúnsọ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakùsà gbọ́dọ̀ fi hàn bó ṣe máa ṣiṣẹ́ lórí òkúta náà níbí kó tó tà á. Ní 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá òfin pé kí á kọ́kọ́ fi ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye ohun àmúṣọrọ̀ wa kó tó jáde nílẹ̀ yìí. Ó dáa. Mo pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n "ká ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀" yẹn, kí ló túmọ̀ sí lójú yín? Torí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí èèyàn máa ṣe lórí òkúta ni pé kó ya ohun tó fẹ́ kúrò lára ohun tí kò fẹ́. Ohun tí kò fẹ́ yẹn kì í pòórá o. Ó máa wà níbì kan. Ẹ̀yìn ilé ẹnì kan ló sì máa ń wà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa tẹ̀ ẹ́ báyìí pé, "Ará Ayépé ni ẹ́, ta ló fi ọ̀rọ̀ kùsà lọ̀ ẹ́?" Òótọ́ ni. Ní Ayépé níbí, ẹ̀gẹ́ là ń wà nílẹ̀, gaàrí la fi ń ṣe, kò sí òkúta olówó iyebíye lábẹ́ ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ òjé kàn wá ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, màá débẹ̀.

Òkúta wo là ń sọ ná?

Láti apá Ebonyi, ní Enyigba, ní Ameka, ní Ishiagu, lọ sókè títí dé Zurak ní ìpínlẹ̀ Plateau, òkúta kan wà nínú ilẹ̀ tó dúdú, tó ń dán bíi dígí, tó wúwo tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá gbé kékeré ẹ̀, ẹ máa wo ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì. Galena lorúkọ ẹ̀. Òjé tó so pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ ni. Tó bá mọ́ dáadáa, ohun tó lé ní ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ni òjé. Síǹkì máa ń bá a rìn. Òkúta míì tún máa ń bá a rìn, oní àwọ̀ ìyeyè bí idẹ, tó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ pé wúrà ni: chalcopyrite. Bàbà, irin àti imí-ọjọ́ ló wà nínú ẹ̀. Bàbà inú ẹ̀ ò ju bí ìdá 35 lọ.

Bàbà ibẹ̀ ò pọ̀ tó òjé àti síǹkì, ṣùgbọ́n ó wà, kì í sì í ṣe òní la mọ̀ pé ó wà. Àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tí Thurstan Shaw wú jáde ní Igbo-Ukwu ní 1959 àti 1960, tí wọ́n sọ pé wọ́n ti wà láti bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, bàbà tí wọ́n po òjé mọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìwádìí kan tó jáde ní 1989 sì tọpa òjé àti bàbà náà dé ilẹ̀ Abakaliki níbẹ̀. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òyìnbó ló kọ́ wa pé òkúta yìí wúlò. Àwa Ìjẹ̀bú tí à ń fi idẹ ṣe edan fún Òṣùgbó kọ́ ni wọ́n máa wá kọ́ ní ọ̀rọ̀ bàbà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bàbà àti òjé ò ṣeé tà pọ̀. Ẹni tó ń yọ́ bàbà ò fẹ́ rí òjé sójú. Òjé yọ́ ní 327°C, bàbà kò yọ́ títí dé 1,085°C. Tí iná bá fi máa gbóná tó ti bàbà, òjé á ti máa di èéfín jáde. Torí ẹ̀, tí òjé bá pọ̀ nínú bàbà tẹ́ ẹ gbé wá, wọ́n á yọ owó lára owó yín, tàbí kí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ bàbà ń lọ ní ìlọ́po mẹ́rin owó òjé lọ́jà àgbáyé, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ta òkúta méjèèjì pọ̀ láìmọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ó rọrùn fún oníbàárà ẹ̀ láti san owó ọ̀kan, kó sì gba ìkejì ní èènì.

Ó yẹ ká yà wọ́n. Mo gbà. Báwo ni wọ́n ṣe ń yà á?

Gbogbo wa la mọ̀ tí wọ́n bá da gaàrí sínú omi, ìdọ̀tí á léfòó, gaàrí á lọ sísàlẹ̀. Ìyẹn rọrùn: ohun tó fúyẹ́ lókè, ohun tó wúwo nísàlẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe epo náà mọ̀ ọ́n, epo á wá sókè omi, wọ́n á máa gbọ́n ọn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti òkúta ni, mi ò ní kọ thread kankan.

Ti òkúta yìí, òdì ni. Galena wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 7.5. Yanrìn lásán ò ju ìlọ́po 2.6 lọ. Síbẹ̀ galena ló máa léfòó, yanrìn á rì. Ọmọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nínú láàbù, mo rò pé ẹnì kan ń ṣe idán fún mi ni.

Báyìí ló ṣe ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á fọ́ òkúta, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, kí òkúta òjé, òkúta bàbà àti yanrìn lè já kúrò lára ara wọn. Wọ́n á po ó mọ́ omi, á dà bí ògì. Wọ́n á wá fi kẹ́míkà kan sí i tí wọ́n ń pè ní xanthate. Kò pọ̀ rárá, ìwọ̀n gíráàmù ni fún odidi tọ́ọ̀nù òkúta. Xanthate yìí, orí ẹ̀ máa ń dì mọ́ òjé àti bàbà tó bá imí-ọjọ́ so pọ̀. Ìrù ẹ̀ sì kórìíra omi bí epo ṣe kórìíra omi. Kò kọbi ara sí yanrìn. Tí wọ́n bá ti wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táǹkì náà látìsàlẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi ọṣẹ. Òkúta tí xanthate ti wọ̀ lẹ́wù á sá fún omi, á lẹ̀ mọ́ ara ìhó, ìhó á sì gbé e gòkè. Wọ́n á máa gbọ́n ìhó yẹn kúrò lójú táǹkì. Ọrọ̀ nìyẹn, nínú ìhó. Froth flotation lorúkọ ẹ̀.

(Ìyàwó ilé kan ní Amẹ́ríkà, Carrie Everson, gba ìwé àṣẹ lórí fífi epo ya òkúta ní 1886. Ìtàn tó gbòde ni pé àpò òkúta tó ti lẹ́pọn ló ń fọ̀ tó fi rí i. Àwọn òpìtàn ní àròsọ ni. Ìwé àṣẹ yẹn ò ṣe àròsọ ní tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò fi ibẹ̀ lówó. Thread ọjọ́ míì nìyẹn.)

Ibi tí gbogbo yín ti máa ń dúró nìyẹn tẹ́ ẹ bá ka nǹkan lórí ẹ̀. "Wow, sáyẹ́ǹsì." Wàhálà ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Xanthate fẹ́ràn òjé, ó fẹ́ràn bàbà. Ìhó á gbé àwọn méjèèjì gòkè pọ̀. Ẹ ti lé yanrìn lọ, ṣùgbọ́n àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ yà gan-an ṣì dì mọ́ra. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kẹ́ ẹ tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí èkejì lè gòkè. Kí ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ bàbà, sáyánáìdì. Bẹ́ẹ̀ ni, sáyánáìdì tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn. Tí òjé bá pọ̀ ju bàbà lọ, bó ṣe rí nínú òkúta tiwa, òjé ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀, dichromate sì ni ohun tí wọ́n ti ń fi tẹ̀ ẹ́ látayébáyé. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Chromium inú ẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó ń fa jẹjẹrẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "ká ṣe é nílé", ohun tẹ́ ẹ ń sọ ni pé kí á kó dichromate tàbí sáyánáìdì wá sí abúlé kan, kí á po ó mọ́ omi abúlé náà, kí á sì wá ibì kan da omi ọ̀hún sí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ ń sọ nìyẹn? Mi ò ní kẹ́ ẹ má sọ ọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ ń sọ ọ́.

Ọ̀nà míì wà. Àwọn iléeṣẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè ti lo sítáàṣì pẹ̀lú gáàsì imí-ọjọ́ láti tẹ òjé mọ́lẹ̀ dípò dichromate. Sítáàṣì! Ohun tó máa ń dì sísàlẹ̀ abọ́ tí wọ́n bá fún ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ Nàìjíríà pọ̀ ju ti orílẹ̀-èdè èyíkéyìí láyé lọ. Èmi ọmọ Ayépé ni mo ń sọ fún yín pé ohun tó lè rọ́pò májèlé yẹn ṣeé ṣe kó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, kí àwọn ọmọ FUTA ní Àkúrẹ́ àti àwọn ará National Metallurgical Development Centre ní Jọs sì máa dán an wò lórí òkúta Ebonyi gan-an títí wọ́n á fi mọ ìwọ̀n tó yẹ. Ìyẹn ni "ṣe é nílé" lójú tèmi. Ó nira ju dichromate lọ, ó ń fẹ́ àmójútó, ó ń fẹ́ èèyàn tó máa dúró ti táǹkì. Torí ẹ̀ ni ẹni tó bá kàn fẹ́ kówó kíá kò fi ní lò ó, àfi tí ẹnì kan bá fi dandan lé e.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbàgbé kẹ́míkà. Ká ní omi mímọ́ gaara ni wọ́n ń lò. Ẹ bá mi ṣírò.

Ká mú òkúta kan tí òjé inú ẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí bàbà sì jẹ́ ìdá 1. Nínú 100 tọ́ọ̀nù, òkúta òjé ò tó 6 tọ́ọ̀nù, òkúta bàbà ò tó 3. Ohun tó lé ní 90 tọ́ọ̀nù ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ẹ tún wò ó: kò sí iléeṣẹ́ tó ń mú gbogbo òjé tán. Ká ní wọ́n mọṣẹ́, tí wọ́n mú ìdá 90. Ìdá 10 tó kù bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ń lọ 500 tọ́ọ̀nù òkúta lójúmọ́, ìyẹn 2.5 tọ́ọ̀nù òjé ni wọ́n ń dà nù lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún 300 ọjọ́, 750 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Òjé tó ti kúnná bí èlùbọ́. Tó bá tutù, ó lè wọnú kànga. Tó bá gbẹ, tí ọyẹ́ sì fẹ́, ẹ sọ ibi tí kò ní dé fún mi.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe dáadáa ni mo ṣírò yẹn o.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu. Ọmọdé ló máa ń bà jẹ́ jù, ọpọlọ ọmọ ló máa ń lọ. Ohun tó ti bà jẹ́ níbẹ̀ kì í sì í padà. Kì í ṣe bíi ibà tí wọ́n á lo oògùn tí á lọ.

Ẹ rántí Zamfara àbí ẹ ti gbàgbé? 2010. Wúrà ni wọ́n ń wá, ní Yargalma, ní Dareta, ní Bagega. Wọn ò tilẹ̀ wá òjé rárá. Òkúta tó gbé wúrà ló gbé òjé dání, àwọn èèyàn sì ń gbé e wálé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n fi ń lọ ọkà lọ̀ ọ́ nínú àgbàlá. Wọ́n mú wúrà, wọ́n da ìyókù sílẹ̀. Ọmọ ń rá lórí ìyókù yẹn. Adìẹ ń jẹ̀ lórí ẹ̀. Ọmọ tó lé ní 400 ló kú. Àwọn dókítà MSF ló kọ́kọ́ ké gbàjarè, torí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ń kú, ibà kọ́, ọ̀rìnrìn ẹ̀gbà kọ́.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni ti Bagega. Àwọn dókítà ò lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú níbẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ kó erùpẹ̀ tó lóró kúrò, torí ọmọ tẹ́ ẹ tọ́jú lónìí, tó bá padà sínú àgbàlá yẹn, á tún jẹ òjé míì lọ́la. Ìjọba fọwọ́ sí ₦850 mílíọ̀nù fún un ní 2012. Owó náà ò jáde àfi ní oṣù kìíní 2013. Láti 2010! Ẹ fọkàn ka oṣù tó wà láàárín ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́. Ní 2015, ní Shikira, ìpínlẹ̀ Niger, ọmọ 28 tún kú, wúrà bákan náà, òjé bákan náà.

"Ìyẹn ò kan flotation, àwọn tí kò kàwé ló ń fi òòlù fọ́ òkúta." Mo ti gbọ́ ọ nínú DM mi. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn tó kàwé, tó ní iléeṣẹ́, tó ní ìwé àṣẹ, tó ń tajà sí òkè òkun. Kò jìnnà. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí ni.

Ògìjo, lápá Ṣágámù. Láti Ayépé, ẹ máa débẹ̀ láàárín wákàtí méjì tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá mú yín. Bátìrì mọ́tò tó ti kú ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀ láti gba òjé inú ẹ̀. Iná ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ìhó, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n "ṣe é nílé" tẹ́ ẹ ń kígbe ẹ̀ náà nìyẹn, pátápátá porogodo: àlòkù wọlé, òjé tó mọ́ jáde, dọ́là wọlé. Ní oṣù kọkànlá 2025, New York Times àti The Examination gbé ìwádìí wọn jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àádọ́rin èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn wò. Méje nínú mẹ́wàá ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti kọjá àlà. Gbogbo òṣìṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò ló ti jẹ májèlé, kò sí ẹyọ kan tó bọ́. Ohun tó lé ní ìdajì àwọn ọmọdé ibẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní ìwọ̀n tó lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé. Òjé tó mọ́ náà sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, ó dé Amẹ́ríkà, ó di bátìrì tuntun.

Ìdọ̀tí ẹ̀ ò wọkọ̀.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nítorí náà ẹ má bi mí mọ́ pé kí ló kan ará Ayépé. Bátìrì invátà wa, bátìrì kẹ̀kẹ́ Márúwá, ti mọ́tò bàbá ẹnì kan tó ti kú, ẹnì kan ń wá ra gbogbo ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ̀ ń gba owó ẹ̀, ẹ ń fi ra kádì. Ṣé ẹ ti bi í rí pé ibo ló ń gbé e lọ?

Ẹ jẹ́ n dáhùn àwọn èyí tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀.

"Òyìnbó náà ba ilẹ̀ tiwọn jẹ́ kí wọ́n tó lówó, ẹ jẹ́ ká ba tiwa jẹ́ náà." Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo Broken Hill ní Ọsirélíà. Ibẹ̀ gan-an ni flotation ti di iṣẹ́ ńlá, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, torí òkìtì òkúta síǹkì àti òjé tí wọn ò lè yà. Wọ́n lówó, ìyẹn dájú. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Títí dòní, wọ́n ṣì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké ìlú yẹn wò lọ́dọọdún nítorí òjé. Ìlú tó ní owó, tó ní ilé ìwòsàn, tó ní ìjọba tó ń dá wọn lóhùn, kò tíì bọ́ níbẹ̀. Àwọn òyìnbó wá gbé orúkọ ìlú yẹn wá sí Zambia, wọ́n pe ibi ìwakùsà kan ní Broken Hill. Kabwe là ń pè é lónìí. Wọ́n wa òjé àti síǹkì níbẹ̀ láti 1906 títí di 1994. Iléeṣẹ́ kógbá wọlé, òkìtì dúdú dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 1994 ń ru òjé tí baba wọn gan-an ò rí owó ẹ̀ gbà. Orúkọ kan náà, òkúta kan náà. Èwo nínú méjèèjì lẹ rò pé a máa jọ?

"Wọ́n á kọ́ dáàmù sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà." Ó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ. Ní February 18, 2025, dáàmù irú ẹ̀ tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà kan ya ní Zambia, omi oró wọnú odò lọ dé odò Kafue, wọ́n ní láti ti omi ẹ̀rọ ìlú Kitwe pa. Bàbà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Zambia ti ń wa bàbà láti ayé àwọn baba ńlá wa, wọ́n mọṣẹ́ jù wá lọ. Dáàmù kì í ṣe ògiri tẹ́ ẹ kọ́ tẹ́ ẹ gbàgbé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ bá ti tilẹ̀kùn, lẹ́yìn tí gómìnà mẹ́rin bá ti wá tó ti lọ. Ta ni ẹni yẹn? Inú àpò wo ni owó oṣù ẹ̀ wà?

"Ṣé kí àwọn ọ̀dọ́ Ebonyi wá jókòó lásán ni?" Rárá. Wọn ò jókòó báyìí náà, wọ́n ń fi òòlù àti ọwọ́ lásán ṣa òkúta nínú kòtò. Iléeṣẹ́ flotation tó dáa máa sàn fún wọn ju ìyẹn lọ. Mo tún un sọ: ó máa sàn jù. Ní ìlọ̀ta tútù nínú ilé, eruku kéré ju ti òòlù lọ. Torí ẹ̀ ni inú fi ń bí mi sí hashtag, torí ẹ̀ ń ta ohun tó lè dáa ní ẹ̀dínwó. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ gbọ́ pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ bèèrè ni kó wà ní Nàìjíríà. Ìyẹn ò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni ẹ ò bèèrè.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń retweet, ohun tí mo máa bèèrè ṣáájú ohun gbogbo ni ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n tó fọ́ òkúta kan, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wò ní abúlé tó wà láyìíká, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ibi tí gbogbo èèyàn ti máa rí i, láìkọ orúkọ ọmọ sí i. Tó bá di ọdún kejì, kí wọ́n tún un ṣe. Tí nọ́ńbà bá gòkè, iléeṣẹ́ dúró. Kò sí àríyànjiyàn, kò sí ìgbìmọ̀ olùwádìí tó máa jókòó fún oṣù mẹ́sàn-án. Ṣẹ́ ẹ rí i, tí ẹ ò bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ á ní òjé yẹn ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀, inú ilẹ̀ wọn ló ti wá. Nínú ilẹ̀ tí galena ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn, kò ní ṣòro fún agbẹjọ́rò wọn láti sọ bẹ́ẹ̀, adájọ́ á sì gbọ́. Nọ́ńbà ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ìyá ọmọ máa ní.

Lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀, owó dáàmù: kí wọ́n kó o sílẹ̀ sí báńkì lọ́jọ́ tí wọ́n gbàwé àṣẹ, níbi tí iléeṣẹ́ tàbí gómìnà ò ti lè fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n máa fi tẹ òjé mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ dichromate, kí wọ́n sọ ìdí tí sítáàṣì ò fi ṣeé lò fún òkúta tiwọn, kí wọ́n fi àbájáde láàbù hàn wá.

Mo mọ̀ pé kò dùn ún kọ sára àwòrán tírélà. Kò ní wọlé sínú hashtag.

Mo ti ń bi àwọn èèyàn láti ìjẹta lábẹ́ posita tó ń jà ràìn-ràìn kiri yẹn, èyí tó ní iléeṣẹ́ tuntun ń bọ̀, iṣẹ́ ń bọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Mo béèrè pé ibo ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ máa wà, ta ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò. Ẹnì kan fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. Ẹnì kan ní kí n lọ jẹ gaàrí Ìjẹ̀bú mi. Ẹnì kẹta dí mi pa. Ẹni tó bá ní ìdáhùn, kó gbé e síbí lábẹ́, pẹ̀lú ìwé tó tì í lẹ́yìn. Èmi fúnra mi máa retweet ẹ̀, màá sì fi àsíá sí i.